Orin ata inú ìgò

Lówùúrọ̀ Sátidé, mò ń mu tíì, àṣé ó ń ṣàn gba àgbọ̀n mi sílẹ̀. Ètè mi ti kú tipiri. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ọmọ mi obìnrin kì í fẹ́ rún pákò, ó ní ó le, ó ń ṣe èérún sí òun lẹ́nu. Ni mo bá ní n ó gún un di ìfọyín fún un. Mo ra ìdì orin ata kan lọ́jà Bódè, n'Ìbàdàn. Ẹ lajú níbẹ̀ o. Gbòǹgbò ni orin ata. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ẹ ó rí i tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta ahọ́n yín títí tó fi kú, orin mìíràn ni wọ́n tà fún yín.

Mo hó èèpo rẹ̀, mo sá a síbi tí oòrùn ò dé, mo gún un lódó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ́kọ́ kù ú, ló bá ha mí ní èrìgì. Ìgbà kejì, gèlè àtijọ́ ni mo fi kù ú, ó wá kúnná bí ẹ̀lúbọ́. Ṣíbí ìmutíì mẹ́ta ìyẹ̀fun yìí ni mo fi po àdí àgbọn, iyọ̀ díẹ̀ àti kànáfùrù lílọ̀. Mẹ́ta yẹn ló pa mí létè. Ààbọ̀ ṣíbí ti tó. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni mo fi dí ìyókù. Àdí àgbọn kì í sábà dì n'Ìbàdàn àfi nígbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ máa rò ó pọ̀ kẹ́ ẹ tó bù ú. Lálẹ́, ọmọ ṣì ń lo mákílíìnì tó ní fluoride, èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà. Kò sí ìyẹn nínú tèmi.

(Orin yìí náà ni Abayomi Sofowora, onímọ̀ nípa egbòogi, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lé lórí ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971: omi gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé di róbótó padà. Inú ìgò àyẹ̀wò nìyẹn o, kẹ́nikẹ́ni má fi ìfọyín mi wo ẹ̀jẹ̀ SS.)

Màmá mi bá mi níbi tí mo ti fẹ́ da igi orin tí mo hó nù. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n rún orí rẹ̀ títí ó fi yọ irun, wọ́n bá tutọ́.

"Kò ta. Èèpo rẹ̀ dà?"

Mo na ìgò sí wọn. Wọ́n ti orin náà bọ inú rẹ̀, wọ́n tún fi í sẹ́nu, wọ́n mú ìgbálẹ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé.