Ṣéńjà bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọjọ́ 7, oṣù kẹta

Lónìí ni mo gbé ẹ̀rọ orin bàbá mi jáde kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn: ṣéńjà kan (ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin), ámpílífáyà kan, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan, àti sípíkà méjì tí wọ́n ga dé orúnkún mi. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá la ti da aṣọ bò wọ́n. Ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rinrin á ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ ojú sípíkà, fóòmù tó yí páálí inú rẹ̀ ká ti di ìyẹ̀fun. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí èédú.

Àwo kan tí Ligali Mukaiba, olórin àpàlà, kọ ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ò ní bi mí léèrè ta ni Ligali. Àpàlà tiwa nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà ní orin kan náà. Ó wà lórí àwo tí bàbá rà. Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá bàbá dà á sí ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ó sì wà lórí fóònù mi, ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp. Ti orí fóònù yìí ni gbogbo wa ń gbọ́, àwọn ọmọ wa sì rò pé bí àpàlà ṣe ń dún nìyẹn. Mo fẹ́ fi etí ara mi mọ ohun tó sọnù àti ibi tó ti sọnù. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ẹjọ́ àwo lórí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, torí náà ẹ̀rọ ni n ó kọ́kọ́ wò sàn.

Ọjọ́ 9

Mi ò ki ámpílífáyà bọ iná. Ẹ̀rọ tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí iná bá ya wọ̀ ọ́ lójijì, kọ̀pásítọ̀ inú rẹ̀, ohun tó ń gba iná pamọ́, lè bẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Pápá tó ń tún rédíò ṣe, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n.

“Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ẹ ò tíì ta nǹkan yìí?”

“A ò tà á, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.”

Wọ́n so gílóòbù wáàtì 60 kan sójú ọ̀nà iná, tó jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dáa, gílóòbù á tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, á sì relẹ̀. Tiwa tàn, kò relẹ̀. “Ó ń jẹ iná jù,” wọ́n wí, wọ́n sì fi hàn mí: orí kọ̀pásítọ̀ ńlá méjì ti wú bí àkàrà. Omi inú wọn ló ti gbẹ. Wọ́n pa àwọn méjèèjì dà, wọ́n tún dán an wò. Gílóòbù tàn, ó ṣú, ó ku wáyà pupa tín-ín-rín nínú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́ 14

Fóòmù sípíkà dé láti Alábà. Mo fi spirit àti abẹ àtijọ́ ha ìyókù ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ó gbà mí ní wákàtí méjì fún sípíkà kan ṣoṣo. Ibi tó le ni dídá páálí náà dúró sí àárín gbùngbùn kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, torí wáyà tó wé mọ́ ìdí rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nínú àlàfo kékeré láàárín mágínẹ́ẹ̀tì. Bó bá tẹ̀ síbì kan, á máa ha. Mo fi ìka mẹ́rin tì í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ó ha lápá òsì. Mo sún un bí irun orí kan, mo tún tì í. Kò ha mọ́. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ 15

Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohùn ìlù sì tín-ín-rín. Olórin dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé. Mo ti fẹ́ máa bínú sí fóòmù tuntun kí n tó rí i pé mo ti gbé wáyà pupa sójú dúdú lára sípíkà kan. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, báàsì á pa ara rẹ̀ jẹ. Mo yí wáyà padà, ìlù sì wọlé. Ẹni tó bá ní sípíkà méjì nílé, tí báàsì rẹ̀ ò tó nǹkan, kó kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀ kó tó lọ ra sípíkà ńlá.

Ọjọ́ 21

Ṣéńjà ló kù. Rọ́bà tó ń yí pẹpẹ rẹ̀, ibi tí àwo ń jókòó lé, ti fà. Àwo ńlá gbọ́dọ̀ yí ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta kan ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 100 gééré ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà pupa kan mọ́ etí pẹpẹ, mo tan aago fóònù, mo ń kà á bó ṣe ń kọjá. Aago pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 96. Abájọ tí Ligali fi ń dún bí ẹni tí oorun ń kùn! Mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo tún kà á: 101. Súkúrú kékeré kan wà lábẹ́ mọ́tò fún irú èyí. Ìgbà kẹrin tí mo kà á ni bébà kọjá lẹ́ẹ̀kọgọ́rùn-ún bí aago ṣe ń pé. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí.

“Àyìndé, kí lo ń kà?”

“Mo ń ka yíyí àwo ni, Màámi.”

“Bàbá ẹ náà máa ń kà á.”

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ 22

Mo lọ yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ta góòlù, mo fi wọn bí abẹ́rẹ́ ṣe tẹ àwo tó. Gíráàmù márùn-ún! Irú abẹ́rẹ́ yìí ò yẹ kó ju 2 sí 3 lọ. Mo dá a padà sí 2. Àwọn kan gbà pé bó bá fúyẹ́ gan-an ló ń dáàbò bo àwo, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa fò nínú ìlà, fífò yẹn sì ń ba ògiri ìlà jẹ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀. Ẹ má ki wáyà ṣéńjà bọ ojú AUX, ojú tí a ń ki fóònù bọ̀ lára ámpílífáyà. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n máa ń dín báàsì kù, torí báàsì ń mi abẹ́rẹ́ gbòòrò, ìlà kan ì bá fẹ́ ya wọ inú èkejì. Wọ́n á sì gbé ohùn tín-ín-rín ga kó lè borí ariwo eruku. Ojú tí wọ́n kọ PHONO sí ló ń dá méjèèjì padà sí bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ti fẹnu kò sí i ní Amẹ́ríkà ní 1954. Lójú AUX, Ligali á máa han bí ẹ̀fọn.

Ẹ̀rọ ṣì ń kùn hùùù lábẹ́ orin. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó so ara ṣéńjà mọ́ ara ámpílífáyà ló já. Mo so ó, ó dákẹ́.

Ọjọ́ 28

Kásẹ́ẹ̀tì. Téèpù inú rẹ̀ ò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 4.76 péré ló sì ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ìlà etí àwo ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan náà. Ẹ rí i pé àyè tí kásẹ́ẹ̀tì ní láti kọ ohùn sí kéré.

Mo fi òwú àti spirit nu orí ẹ̀rọ, ibi tó ń ka téèpù, òwú dúdú. Síbẹ̀, ohùn ṣú bí ẹni pé wọ́n da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Súkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ tó ń darí bó ṣe dúró lórí téèpù. Mo fi súkúrúdíráfà kékeré yí i bí ìdá mẹ́jọ, mo ń fetí sí sẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ṣú sí i. Mo yí i sí apá kejì, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ là bí ẹni ṣí fèrèsé. Ó wá yé mi pé orí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù tó da orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì ló wọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo wá fi kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ olórin dá súkúrú padà sí ipò rẹ̀, torí bí mo bá fi í síbẹ̀, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó dáa ni yóò ṣú.

Ọjọ́ 29, òru

Mo dúró di aago 11 kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó dákẹ́. Iná NEPA wà, mi ò lo ínfátà, torí tiwa ń han sínú sípíkà.

Mo so fóònù náà mọ́ ámpílífáyà, kí gbogbo wọn lè gba sípíkà kan náà jáde. Mo sì rí i pé ariwo wọn dọ́gba, nítorí etí èèyàn máa ń gbà pé èyí tó pariwo jù ló dáa jù. Màámi jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọn ò mọ èyí tí mo fi sí i.

Ti fóònù: sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣe ṣíṣíṣí bí omi tó ń gbóná. Ti kásẹ́ẹ̀tì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n agídìgbo rì. Mo wá gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, mo tẹ MONO, torí ohùn orí àwo yìí kan náà ni lápá méjèèjì, mono sì ń pa ọ̀pọ̀ ariwo eruku. Mo gbọ́ bí ìka ṣe kúrò lórí irin agídìgbo kó tó dún. Mo gbọ́ èémí Ligali kó tó gba orin. Ṣùgbọ́n ìlù àdàmọ̀ ló mú Màámi sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, ìlù ni. Lórí àwo, ó ń fọ̀.

“Orúkọ èèyàn ni ìlù yẹn ń pè,” wọ́n ní, wọ́n sì pè é tẹ̀lé ìlù.

Ọjọ́ 30

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé fóònù ló ba orin jẹ́. Kí n tó kọ ọ́, mo gba àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di MP3 ní 320 kbps (kbps ni òṣùwọ̀n bí fáìlì ṣe ń kó ohùn tó ní sẹ́kọ́ńdì kan), mo tún gbé Màámi jókòó. Wọn ò mọ èwo ni àwo, èwo ni fáìlì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tí ọmọ mi bá mi yí i. Ìlù ṣì ń pe orúkọ.

Mo wá wo fáìlì WhatsApp yẹn dáadáa: 64 kbps ni, nígbà tí CD jẹ́ 1,411. Ó sì ń gbọ̀n níbi kan náà tí kásẹ́ẹ̀tì bàbá ti ń gbọ̀n, tó fi hàn pé láti inú irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ti wá. Orí ẹ̀rọ tó wọ́ ti jẹ tirẹ̀ kí wọ́n tó fún un pọ̀ wọ fáìlì kékeré tó jẹ ìyókù. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Ligali kọrin dára, ó dára púpọ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń dà á kọ ló ti ń jò.

Mo ti fi tuntun ránṣẹ́ sí ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú pè mí, wọ́n ní ṣé orin mìíràn ni.

Ojú kejì àwo ló kù. Orin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ń ya lẹ́nu, torí bí ìlà ṣe ń sún mọ́ àárín, iyára rẹ̀ ń dín kù sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 21 ní sẹ́kọ́ńdì, abẹ́rẹ́ mi tó ti jẹ ò sì lè tẹ̀lé ìlà tó há bẹ́ẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá abẹ́rẹ́ tuntun. Bó bá dé, n ó fi omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀, àti ẹ̀kán ọṣẹ kan, wẹ àwo náà, kí n tó tún un gbà.