Ẹ má tíì tẹ update yẹn o: ohun tí Final Cut 7 kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe ẹ́díìtì, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo kàn ń wá àyè tí màá fi kọ ọ́ dáadáa ni. Mo máa ń rí yín, kọ̀ǹpútà á ní update ti dé, ẹ ó tẹ OK, ẹ ó lọ wá nǹkan jẹ, kí ẹ tó padà ó ti ṣe tán. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún 2018 ni. MacBook Pro 2012 ni mo ń lò, èyí tó nípọn yẹn, tó ṣì ní ihò DVD àti ihò FireWire lẹ́gbẹ̀ẹ́, tòkunbọ̀ ni, Final Cut Pro 7, sọ́fítíwíà ẹ́díìtì fídíò ti Apple, ló sì wà lórí ẹ̀. Ọdún 2009 ni Final Cut 7 jáde, òun ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ni mo fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, fíìmù kéékèèké, gbogbo ẹ̀ pátá. macOS Sierra ni OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tó wà nínú láàpùtọ́ọ̀pù náà, kò yọ mí lẹ́nu rí. Àfi ọjọ́ tí àbúrò ọkọ ìyàwó kan gbé fídíò tó fi iPhone ká wá fún mi, HEVC, fọ́mátì fídíò tuntun kan, ni fídíò yẹn, Sierra ò rí i ṣí, High Sierra tó tẹ̀lé e ló mọ̀ ọ́n ṣí. Ni mo bá ṣe update lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Fídíò iPhone ṣí. Final Cut 7 ò ṣí mọ́.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó tàn mí. Apple ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn sọ́fítíwíà Final Cut Studio, ìyẹn Final Cut 7, DVD Studio Pro, Soundtrack Pro, Color, kò sí èyí tó máa bá High Sierra ṣiṣẹ́ nínú wọn. Èmi ni mi ò kà á. Mo sì ti ń fi Premiere, sọ́fítíwíà ẹ́díìtì ti Adobe, ṣe iṣẹ́ tuntun nígbà yẹn, mo wá ní tí mo bá nílò Final Cut lọ́jọ́ kan màá mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni Àǹtí kan pè mí. "Ọ̀gá fídíò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin lẹ ṣe fídíò àádọ́rin ọdún bàbá wa ní 2011, bàbá ti sùn o." Mo kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ ni ibi tí bàbá ti ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, kí àwọn fi hàn níbi ìsìnkú, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nínú DVD tí mo fún wọn nígbà yẹn mo ti gé àdúrà yẹn kúrú, àmọ́ nínú project (fáìlì iṣẹ́ tí Final Cut tọ́jú) ó pé, torí mo ti kọ́kọ́ to odidi ẹ̀ sórí timeline (ìlà tí a ń to kílíìpù sí) mìíràn, kámẹ́rà méjèèjì ti bára mu, mo ti yọ ariwo àwọn onílù kúrò lábẹ́ ohùn bàbá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ohùn nìkan gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní "kò sí wàhálà, Àǹtí, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday." Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí pé kò sí ohun tó máa ṣí project yẹn fún mi.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Project kì í ṣe fídíò. Project bàbá yẹn ò pé 10MB, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì MiniDV mẹ́rin ni a ká lọ́jọ́ náà, wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 13GB, ẹ ṣírò ẹ̀. Ohun tó wà nínú project ò ju ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí lọ, pé mú kílíìpù báyìí láti ibí dé ibí, gbé e síwájú tọ̀hún, rẹ ohùn yìí sílẹ̀, ṣe àwọ̀ yìí báyìí. Èdè tí wọ́n sì fi kọ ìwé yẹn, sọ́fítíwíà yẹn nìkan ló gbọ́ ọ. Kílíìpù mi ń bẹ lórí hard drive, mo tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ṣí, mo ń wo bàbá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí wọn ni mi ò rí. Ẹni tó bá ní òun ti ṣe backup torí pé òun kó project sórí flash, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ tún máa bi mí pé ṣé Final Cut tuntun ò lè ṣí ti àtijọ́ ni. Kò lè ṣí i. Final Cut Pro X tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ ni, orúkọ ló jọ ti àkọ́kọ́, kò sì gbọ́ èdè project Final Cut 7 rárá. Ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀ ló bínú nígbà yẹn, mo sì gbà pé wọ́n jàre, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi tún un kọ wà níbẹ̀: 32-bit ni Final Cut 7, sọ́fítíwíà 32-bit ò sì lè ka mẹ́mórì kọjá 4GB, ẹ fi 64GB sínú kọ̀ǹpútà, ó dà bí ìgbà tí ẹ kọ́lé oníyàrá ogójì fún ẹni tí kò mọ̀nà kọjá yàrá méjì àkọ́kọ́.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Mo ra SSD (hard drive ayára) kékeré kan, mo yá íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ torí Sierra yẹn tó bíi 5GB, mo gbé e sórí SSD náà látìbẹ̀rẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú láàpùtọ́ọ̀pù gan-an. Tí ẹ bá ń tan Mac onírú Intel tí ẹ di Option mú, á bi yín pé inú èwo lẹ fẹ́ wọ̀, mo mú Sierra. Mo wá fi DVD Final Cut sínú ihò ẹ̀, nọ́ńbà tó yẹ kí n tẹ̀ sí i wà lára páálí tí mo ti fẹ́ dà nù lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi ló ní kí n má dà á nù, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ṣí. Gbogbo kílíìpù wá ń fi ìlà pupa hàn pé Media Offline, ọkàn mi já, kò mọ̀ ju pé mo ti yí orúkọ hard drive padà láti 2011, Reconnect Media ni mo tẹ̀, mo tọ́ka fóldà fún un, wọ́n sì ń padà wá níkọ̀ọ̀kan títí bàbá fi jókòó sórí timeline mi bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday Àǹtí yẹn dé pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin, wọ́n jókòó ti àdúrà yẹn dópin, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́ta.

Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà yín lọ sórí OS tuntun, nígbà tí sọ́fítíwíà àtijọ́ ṣì ń mí, iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde nínú ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo máa ń gbà kó o, méjèèjì ni mo sì máa ń ṣe. Ẹ lọ sí File, Export, XML. XML yẹn ni èdè tí àwọn yòókù gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, Premiere ń ṣí i, DaVinci Resolve náà ń ṣí i, gígé yín á dé, ètò kílíìpù á dé, ohùn á dé. Àwọn àkọlé tí ẹ kọ sójú fíìmù, effect tí ẹ rà lọ́tọ̀, àti àwọ̀ tí ẹ ṣe, ìyẹn ò dájú, mo ti pàdánù púpọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe èkejì: ẹ yọ odidi fíìmù náà jáde bó ṣe parí, self-contained, kó má máa tọ́ka sí fáìlì mìíràn. Iṣẹ́ MiniDV, ẹ fi í sílẹ̀ ní DV bó ṣe wà. Iṣẹ́ HD, ẹ fi fọ́mátì ProRes 422 yọ ọ́, ní 1080 lórí 25 frame wákàtí kan á gba bíi 55GB, mo mọ̀ pé hard drive wọ́n, àmọ́ ẹ má torí àyè lọ yọ kìkì MP4 kékeré sílẹ̀ kí ẹ ní ẹ ti tọ́jú iṣẹ́. Ẹ tún wo àwọn fáìlì àtijọ́ tó jẹ́ fọ́mátì Sorenson tàbí Cinepak, ẹ yí wọn padà nísinsìnyí, torí láti macOS Catalina lọ Mac ò ṣí wọn mọ́.

Catalina yẹn gan-an, oṣù kẹwàá ọdún 2019, òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ 32-bit pátápátá. Ẹni tó wà lórí High Sierra tàbí Mojave tó tẹ̀lé e ṣì lè fi àpù kan tó ń jẹ́ Retroactive bẹ Final Cut 7 kó ṣí. Láti Catalina síwájú, ẹ má da ara yín láàmú. Mac onírú M1 (ṣíìpù tí Apple ṣe fúnra wọn) lọ sókè ò lè gba OS tó dàgbà ju èyí tó bá wá lọ, Rosetta, ògbufọ̀ sọ́fítíwíà Intel tó wà nínú ẹ̀, náà ò mọ 32-bit. Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sínú virtual machine (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), èmi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ fún fídíò, káàdì ojú kọ̀ǹpútà (graphics card) ni ẹ́díìtì fi ń rìn, ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti máa ń kọsẹ̀.

Ẹ̀yin ti Windows, tiyín rọrùn díẹ̀. Windows 64-bit ṣì ń gba sọ́fítíwíà 32-bit, Premiere CS4 ti 2008 tó jẹ́ 32-bit ìkẹyìn ṣì lè ṣí fún yín, CS5 ti 2010 ti di 64-bit. Tí ó bá ń ṣe ségesège, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lórí ẹ̀, Properties, Compatibility, ẹ mú Windows 7, ibẹ̀ náà lẹ ti máa tún DPI ṣe tí àwọn bọ́tìnnì bá kéré jù lójú skríìnì tuntun. QuickTime, sọ́fítíwíà Apple tó ń ṣí fáìlì MOV, lẹ máa ṣọ́ra fún, láti 2016 ni Apple ti pa tì ti Windows tí wọ́n sì ń ní kí èèyàn yọ ọ́, Premiere náà jáwọ́ nínú fọ́mátì QuickTime 7 ní 2018, nítorí náà MOV àtijọ́ lè kọ̀ fún yín lójijì. Kí ẹ tó sì format kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ deactivate sọ́fítíwíà tí ẹ fowó rà, ìyẹn ni kí ẹ yọ láíséǹsì ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn.

MacBook 2012 mi ṣì wà nílé. Mo ti dá Sierra padà sínú ẹ̀, mi ò jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, torí ẹ̀rọ tí kò gba update ààbò ò gbọdọ̀ máa rìn níta, flash ni mo fi ń gbé nǹkan wọlé jáde. Ihò FireWire ẹ̀ ni mo ṣì fi ń fa fídíò inú kásẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà. Hard drive mẹ́fà ni mo ní láti kó jáde, mo ti parí mẹ́rin. Ìkarùn-ún ló wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, ìgbéyàwó kan ní Ọ̀tà ní 2010, XML ẹ̀ ti jáde, fíìmù ẹ̀ ku bí ìdajì wákàtí.