Ogún méjì tó wà nínú ẹyin

Inú ọyẹ́ ni lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, wọ agbo adìẹ mi lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Adìẹ 31 ni mo ní nígbà náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àgbébọ̀ kan ṣoṣo ló kù, abólọ́rùn kan báyìí, àti pẹ́pẹ́yẹ 3 tí wọ́n ń rìn kiri bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kú, ọrùn wọn lọ́ títí orí fi kọjú sẹ́yìn, ìgbẹ́ wọn dà bí omi ewédú.

Ìyá mi wo abólọ́rùn yìí, wọ́n ní, "Má pa eléyìí jẹ o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ le." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pinnu pé irú ọmọ rẹ̀ ni mo máa sìn, adìẹ tí lúkúlúkú ò ní lè pa. Kò pẹ́, ó yé ẹyin 11, ó sàba, ó pa ọmọ 9. Mi ò fún ìkankan ní àjẹsára. Ìyá wọn ṣáà ti là á kọjá.

Àrùn náà ṣì ń jà ládùúgbò. Òròmọdìẹ àwọn ará ilé kejì ń kú, tèmi ń sáré tẹ̀lé ìyá wọn. Kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo bá ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dijú, ìyẹ́ ara rẹ̀ rú sókè. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu ló fi ń mí, itọ́ tó nípọn ń kán sí mi lọ́wọ́. Nínú 9, 7 ló kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, ló là mí lóye. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mà, àkùkọ wo ló gùn ún?" Mi ò mọ̀. Tèmi ti bá àrùn náà lọ.

Ó ní ogún méjì ni ìyá adìẹ ń fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ wà nínú pupa ẹyin: àwọn sójà tí ara rẹ̀ ti kó jọ nígbà tó ń bá àrùn jà. Òròmọdìẹ á fà á sára, á máa fi gbára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ìyá dì fún ọmọ tó ń rìnrìn àjò ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òun ni mo rí tí mo ń pè ní ìran. Ogún kejì ni àbùdá, èyí tí bàbá àti ìyá jọ ń fún ọmọ, tí kì í tán. Ó wà lóòótọ́. Adìẹ Fayoumi ti ilẹ̀ Íjíbítì máa ń fara da lúkúlúkú ju Leghorn, irú adìẹ òyìnbó kan, lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn Marek, tó ń mú kókó yọ sí adìẹ lára, tí József Marek, dókítà ẹranko ará Hungary, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1907: àwọn adìẹ tó ní àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní B21 kì í sábà ní kókó rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífara dà ni o, kì í ṣe pé àrùn ò lè mú wọn. Àti pé adìẹ kan ṣoṣo tó yè kò tíì fi hàn pé àbùdá ló gbà á là. Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ni kòkòrò tó kàn án.

Ti pẹ́pẹ́yẹ ló dùn mí jù. Pẹ́pẹ́yẹ ní àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní RIG-I, tó ń tètè mọ̀ pé kòkòrò àrùn fúlúù ẹyẹ ti wọlé. Adìẹ kò ní in rárá. Ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ sọ èyí di mímọ̀. Ó wà lára ìdí tí pẹ́pẹ́yẹ fi sábà máa ń lè gbé àrùn náà kiri láìṣàìsàn. Lúkúlúkú náà kì í sábà dá a dùbúlẹ̀, síbẹ̀ ó lè fi ran adìẹ. Agbada omi kan náà sì ni pẹ́pẹ́yẹ mi àti adìẹ ti jọ ń mu látẹ̀yìnwá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin adìẹ ìbílẹ̀, ẹ ya pẹ́pẹ́yẹ sọ́tọ̀. Ẹ ro àjẹsára lúkúlúkú sójú òròmọdìẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, kí ẹ sì fún wọn ní Lasota, àjẹsára lúkúlúkú tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu, nígbà tí sójà ìyá wọn bá ti rẹlẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Inú fúláàsì oníyìnyín ni mo ti ń gbé e wálé. Tí ooru bá ti pa á, omi lásán lẹ fún wọn. Omi kànga ni mo fi ń pò ó, nítorí kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ máa ń pa á. Mo máa ń gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí 2 ṣáájú, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n.

Mo sì ń so òwú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àwọ̀ kan fún ọmọ ìyá kan. Tí mo bá fẹ́ mú èyí tí màá fi ṣe irú, kì í ṣe ẹyọ kan tó yè ni mò ń wò mọ́, gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Òwú pupa ni ti abólọ́rùn. Ó ń sàba ẹyin 12 lọ́wọ́ báyìí, mo sì ti bẹ ẹni tó ń ta oògùn ẹran ní Tákíẹ̀ pé kó bá mi fi ìgò kan pamọ́ sínú yìnyín de ọjọ́ tí wọ́n máa jáde.