Ajá Ló Ń Pín Wákàtí: Ìgbà Òtútù ní Winnipeg àti ní Mérida

Ní òru oṣù Kìíní, òtútù Winnipeg, ìlú wa ní Kánádà, máa ń lọ sí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, nígbà mìíràn ó máa ń tó 30. Ní Mérida, ní ìpínlẹ̀ Yucatán lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ọ̀sán oṣù kan náà lè gun ìwọ̀n 30 lókè òdo. Aago ìlú méjèèjì bára mu títí di oṣù Kẹta, a kì í yí aago ọwọ́ bí a bá débẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni wákàtí tí a lè mú ajá jáde.

Láti ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì, Mérida la ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà òtútù pẹ̀lú Tanímọ̀la, ajá wa onírun kíki. Ní Winnipeg, ọ̀sán gangan là ń jáde, torí nínú oṣù Kejìlá bíi wákàtí mẹ́jọ péré ni ojúmọ́ fi ń wà. Màá wọ kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà yìnyín, màá tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà fún Tanímọ̀la, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì máa ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìmúra yìí sábà máa ń pẹ́ ju ìrìn náà lọ.

Ní Mérida, sálúbàtà ti tó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, títì ti gbóná. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń lé ooru jáde, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú là ń rìn. Lọ́sàn-án, orí táìlì ilẹ̀ ló ń sùn, ikùn rẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà gbọọrọ. Ibùsùn tí a ra fún un wà ní igun, kò wò ó rárá. Àwọn kan ní kí a fá irun rẹ̀. Dókítà ajá ní ká má dán an wò, pé oòrùn á jó awọ ara rẹ̀, ká ṣáà máa fi òòyà yọ irun tó ti kú.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilẹ̀ olóoru ni òmìnira. Fún àgbà tí orúnkún ń ro, òótọ́ ni. Fún ajá onírun, ẹ̀wọ̀n ló pààrọ̀.

Eégbọn ló yàtọ̀ jù. Ní Manitoba, ìpínlẹ̀ tí Winnipeg wà, inú koríko àti igbó ni wọ́n ń gbé, bí yìnyín bá sì ti bo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn dìgbà ìrúwé. Èyí tí a bá ní Yucatán, eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, lè yé ẹyin, kó pa á, kó sì dàgbà nínú ilé láìjáde rárá. Á gun ògiri, á fara pamọ́ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Òun ló ń kó àrùn ehrlichia sínú ẹ̀jẹ̀ ajá: ibà á dé, oúnjẹ á kọ̀, imú lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Oògùn apakòkòrò doxycycline ni wọ́n fi ń wò ó, bí ajá bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Alaalẹ́ ni mo ń tú irun Tanímọ̀la, etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀fọn pẹ̀lú ń gbé aràn ọkàn kiri. Oògùn rẹ̀, tí a ń lò láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ní Winnipeg, kò ní ìsinmi ní Mérida, oṣooṣù ni.

Ní ti ìwé, kò le. Láti oṣù Kejìlá 2019, Mẹ́síkò kì í béèrè ìwé ìlera fún ajá tó ń bọ̀ láti Kánádà tàbí Amẹ́ríkà mọ́. Òṣìṣẹ́ SENASICA, àjọ ìjọba Mẹ́síkò tó ń mójú tó ìlera ẹranko, á yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfuurufú, àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ti ọjọ́ kan lọ. Kánádà á béèrè ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà àbọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tó lọ tààrà sí ìlú Cancún là ń wá, a ó wá fi mọ́tò rin nǹkan bí 300 kìlómítà tó kù. Ẹni tó bá mú ajá wọ Amẹ́ríkà lójú ọ̀nà ní fọ́ọ̀mù CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, láti kún, láti oṣù Kẹjọ 2024, ajá náà sì gbọ́dọ̀ ní microchip, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ.

Winnipeg inú yìnyín dákẹ́ rọ́rọ́. Ní àdúgbò wa ní Mérida, ajá ń gbó lórí òrùlé pẹrẹsẹ, àwọn tí kò lólúwa ń rìn lójú pópó, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá tiwa sọ. Bí àjọ̀dún Wúńdíá Guadalupe, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, bá ń súnmọ́, báńgà á máa dún lóru. Tanímọ̀la á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi á tilẹ̀kùn, á tan fáànù kí ariwo rẹ̀ lè bo ti ìta, á ní, "Bàbá Tósìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu." Kò sóhun tí mo rí nínú ìgbà òtútù Kánádà tó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní norte, láti àríwá ló ti ń fẹ́ wá, òru á tutù dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn aládùúgbò á gbé súwẹ́tà wọ̀. Àwọn ọjọ́ yẹn nìkan ni Tanímọ̀la ń fúnra rẹ̀ fa okùn lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án.

A máa ń padà kí oṣù Kẹrin tó wọlé, torí oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ni ooru ibẹ̀ ń le jù, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í sì í gbé ajá sínú ikùn ọkọ̀ bí ooru bá ti ju nǹkan bí ìwọ̀n 29 lọ. Yìnyín ṣì lè wà nílẹ̀ ní Winnipeg nígbà náà. Èmi àti ìyàwó mi á máa ráhùn. Ẹnì kẹta wa kì í dá sí i.