Ilé oúnjẹ tó bá sọ pé "Ó ti tán" ni ọkàn mi ń balẹ̀ sí

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ ilé oúnjẹ kan láàárín ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ebi ń pa wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ tọ́ ceviche wò, ìyẹn ẹja àìsè tí àwọn ará Perú máa ń gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí wọn ò ní gbé e kaná rárá. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n kó fún wa nípọn. Sushi wà níbẹ̀, ramen wà níbẹ̀, taco, pad thai, akàn aláta, ẹja díndín oríṣi mẹ́rin. Mo bi ọmọkùnrin tó dúró tì wá bóyá ceviche ṣì kù.

"Kò sí èyí tí kò sí nínú ìwé yẹn, mà." Kò tilẹ̀ yọjú sí ilé ìdáná kó tó dáhùn.

Nígbà tí àwo dé, kò tutù. Ẹja náà ti funfun látòkè délẹ̀ bí ẹyin sísè, ó sì ń fọ́ lẹ́nu. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán nítorí wọn ò fẹ́ kí owó mi ṣòfò. Lóru ọjọ́ yẹn, èmi ni mo gbé ike dúró tì wọ́n ní balùwẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. N kò lè búra pé ẹja yẹn ló fà á, torí wọ́n ti jẹ nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà. Àmọ́ ó dùn mí wọra, torí èmi ni mo mú wọn lọ síbẹ̀, èmi tí mo máa ń sọ pé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó tún dán irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wò. Mo dá lọ síbì kan tí kò tóbi, tábìlì mẹ́sàn-án, àga tí kò bára mu, pátákó dúdú kan lára ògiri tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ mẹ́fà sí. Wọ́n ti fa ìlà la méjì nínú rẹ̀ kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo béèrè ceviche.

"Ó ti tán, mà. Ọ̀sán la máa ń ṣe é. Ẹja tó kù nílẹ̀ báyìí, ọbẹ̀ la fi ń sè."

Mo jẹ ọbẹ̀ yẹn, ó dùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn ọmọbìnrin náà ni mo gbé lọ sílé. Ẹni tó lè sọ fún oníbàárà tó ti mú owó dání pé ohun tó ń fẹ́ kò sí, onítọ̀hún mọ ọjọ́ tí ẹja rẹ̀ dé, ó mọ èyí tó kù, ó sì mọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n fi ṣe. Láti ìgbà náà, àmì tí mo ń wá nìyẹn kí n tó jókòó.

Kì í ṣe pé ọmọbìnrin yẹn kàn ń ṣe bó ṣe wù ú. Ní Lima, olú ìlú Perú, àti káàkiri etíkun ilẹ̀ náà, oúnjẹ ọ̀sán ni ceviche. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó ń tà á, tí wọ́n ń pè ní cevichería, kì í ṣí títí alẹ́ rárá. Àárọ̀ ni ọkọ̀ apẹja ń wọlé, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹja, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà ní pàtàkì gan-an: ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ceviche lórílẹ̀-èdè náà, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ kún àkójọ àṣà ìbílẹ̀ aráyé lọ́dún 2023. Tí ilé oúnjẹ ìlú ńlá mìíràn bá wá ń tà á lọ́sàn-án nìkan, inú mi á dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má bá àkókò tí mo ráyè mu.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí dáadáa níbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń "se" ẹja náà. Òótọ́ ni pé kíkan rẹ̀ ń mú kí ara ẹja le, kí ó sì funfun bíi pé iná ti kàn án. Ṣùgbọ́n kò pa aràn tó bá wà nínú ẹja, kò sì pa gbogbo kòkòrò àrùn. Òtútù líle ló ń pa aràn. Ìlànà tí àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ẹja tí a ó jẹ láìsè ni kí ó wà nínú òtútù 20 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, fún ọjọ́ 7. Tàbí kí wọ́n mú un dì gbagidi ní 35 nísàlẹ̀ òdo, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15. Ìlànà yìí kò kan àwọn oríṣi ẹja tuna kan. Nítorí náà, nígbà tí mo bá fẹ́ jẹ ẹja àìsè, yálà ceviche tàbí sashimi, ẹja tútù tí àwọn ará Japan ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹja yìí ti wọ fírísà rí?" Tẹ́lẹ̀, èmi náà rò pé "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ ìdáhùn ìtìjú. Ní ti ẹja àìsè, ìdáhùn rere ni. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè náà, mo máa ń dìde níwájú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì máa ń dúpẹ́ kí n tó lọ.

Ní ti ìwé oúnjẹ tó nípọn, n kò fẹ́ ṣi yín lọ́nà. Àdàlù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Japan àti ti Perú pọ̀, ẹ má sá. Lọ́dún 1899, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Sakura Maru kó àwọn ará Japan bí 790 dé èbúté Callao ní Perú láti wá ṣiṣẹ́ lóko ìrèké. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ló yí ọ̀nà tí Perú ń gbà jẹ ẹja padà. Láyé àtijọ́, wọ́n lè fi ẹja sínú ọsàn wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lónìí ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, kí àárín ẹja ṣì máa dán. Tiradito, ẹja àìsè tí wọ́n ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi sashimi, tí wọn kì í fi àlùbọ́sà sí, ọmọ bíbí ìdàpọ̀ yẹn ni. Orúkọ irú oúnjẹ yìí ni Nikkei. Àwọn ará Ṣáínà tilẹ̀ ti ṣáájú wọn dé Perú, láti 1849, àwọn ló sì bí ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní chifa. Àdàlù tó ní ìtàn nìyí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Èyí tí mò ń sá fún ni ibi tí wọ́n ti kó orúkọ oúnjẹ ilẹ̀ márùn-ún jọ, tí gbogbo rẹ̀ sì wà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Kò sí fíríìjì kékeré kan tó lè gba ẹja tútù fún ọgọ́ta oúnjẹ.

Bí mo bá fẹ́ mọ irú ilé oúnjẹ Ṣáínà tí mo wà, ẹja odidi tí wọ́n fi ooru omi sè ni mo máa ń béèrè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Guangdong àti Hong Kong: ata ilẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, soy sauce, epo gbígbóná tí wọ́n dà lé e lórí níkẹyìn. Kò sí ibi tí ẹja tí kò dára lè sá pamọ́ sí nínú àwo yẹn. Nínú ìyẹ̀fun díndín àti ọbẹ̀ aládùn, ó lè sá pamọ́. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní àpótí dígí tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, mo máa ń lọ dúró tì í. Ṣé omi náà mọ́? Ṣé ẹja náà dúró ṣánṣán, tàbí ó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀? Mo rí i níbì kan tí akàn méjì ti dákẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi, tí àwọn yòókù sì ń gun orí wọn. Ìrẹsì lásán ni mo jẹ níbẹ̀. Ẹ rántí pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta ẹja ààyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì dárúkọ owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí ara rẹ̀ kọ edé. Ètè rẹ̀ á wú, ọ̀fun rẹ̀ á máa dí. Ọmọ yẹn ló kọ́ mi bí a ṣe ń bi ilé ìdáná ní ìbéèrè. Nínú oúnjẹ Éṣíà, edé kì í ṣe èyí tí a fojú rí nìkan. Edé lílọ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ Tàílándì ni wọ́n ń pè ní kapi. Ní Malaysia, belacan ni. A lè pàṣẹ adìyẹ kí a sì jẹ edé. Wọ́n a tún máa fi ọbẹ̀ ọ́ísítà sí ẹ̀fọ́ tí èèyàn rò pé kò ní ẹ̀dá omi kankan nínú. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta taco ẹja bíi ti Ensenada ní Mẹ́síkò, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun bo ẹja dín, tí wọ́n ń fi kábéèjì tútù àti ọ̀rá wàrà sí, epo kan náà tí wọ́n fi dín edé ni wọ́n lè fi dín ẹja. Ẹni tó bá sọ fún mi wéré pé "Kò sí wàhálà, mà," ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Ẹni tó bá sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí n lọ bi ẹni tó ń dáná," tó sì padà wá sọ pé, "Mà, ẹ má jẹ́ kó jẹ èyí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ tọ̀hún," ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń mú ọmọ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti moqueca díẹ̀, torí ó sún mọ́ ọkàn mi. Ọbẹ̀ ẹja tàbí edé ti ìlú Brasil ni, inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń sè é, ó sì máa ń dé orí tábìlì pẹ̀lú híhó. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Ti ìpínlẹ̀ Espírito Santo kò ní epo pupa, kò ní àgbọn. Ti ìpínlẹ̀ Bahia ní méjèèjì, dendê ni wọ́n sì ń pe epo náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ìkòkò rẹ̀ níwájú mi, òórùn epo yẹn dé mi lára kí n tó fojú rí i, mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ni mo ń rántí. Lójú pópó Salvador, olú ìlú Bahia, títí dòní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín acarajé nínú dendê, wọ́n ń là á láàárín, wọ́n sì ń ki edé gbígbẹ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ yẹn, ẹ mọ ibi tó ti wá. Ilé tó bá ń se moqueca dáadáa á ní kí ẹ dúró. Bí ó bá dé kíákíá, ó ṣeé ṣe kó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹja rẹ̀ á sì ti le.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, n kì í ka ìràwọ̀ mọ́. Àwòrán tí àwọn oníbàárà fúnra wọn yà ni mo ń wò, mo sì ń wo ọjọ́ tí wọ́n yà á. Bí pátákó oúnjẹ inú àwòrán oṣù kẹta bá yàtọ̀ sí ti oṣù kẹfà, bí orúkọ ẹja bá ń yí padà, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ bàtà mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún wá. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ san gbèsè kan. Wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n mi orí. "Àbúrò mi, mo ti dárí jì ẹ́. Jẹ́ ká jẹ ìrẹsì." Mo bẹ̀ wọ́n. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni a dé ibi tábìlì mẹ́sàn-án yẹn, kò tíì sí ìlà kankan lórí pátákó. Ọmọbìnrin náà rántí mi. Kí n tó béèrè, ó ti dárúkọ ẹja náà fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ ọjọ́ tó wọ fírísà àti ọjọ́ tó jáde.

Àwo náà tutù débi pé omi ń làágùn lára rẹ̀. Ọ̀dùnkún bíbọ̀ wà lápá kan, àgbàdo oníhóró ńlá wà lápá kejì, àlùbọ́sà pupa lórí, àárín ẹja ṣì ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí fọ́ọ̀kì kan mú ẹyọ kan. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n mú òmíràn. Nígbà tí ẹja tán, omi kíkan aláta tó máa ń ṣẹ́ kù nídìí àwo, èyí tí àwọn ará Perú ń pè ní wàrà ẹkùn, wà níbẹ̀. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà sẹ́nu.