Wákàtí mẹ́fà lábẹ́ oòrùn Èkó: fún ẹni tó ń sáré jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ìlú Èkó kì í lò tó wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó parí kìlómítà 42.195. Bí wọ́n bá dá eré sílẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó ti dé Eko Atlantic, níbi tí eré ń parí sí, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 8 sá kìlómítà kan yóò lo wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 38. Aago méjìlá ọ̀sán á ti kọjá kó tó rí ìlà ìparí. Ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú 9 yóò lo wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ gbà, ṣùgbọ́n eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sá. Àkókò ni ẹrù tó wà lórí ẹni tó ń sáré jẹ́jẹ́: iye wákàtí tí ẹsẹ̀ fi ń gbá ọ̀dà, iye wákàtí tí aṣọ fi ń ha ara, iye wákàtí tí oòrùn fi ń pa á. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún àwọn tó yára, ẹ má kàn gbé e wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀. Kò ní bá yín mu.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ yẹ ká ṣe. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá fi kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 42 ló máa di lápapọ̀. Láti mọ ìwọ̀n eré yín, ẹ wo bí ẹ ṣe sá lọ́jọ́ tí ẹ sá wákàtí méjì láìmí gúlegúle, tí ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45 kún un fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni ẹ máa bá wọ eré, kì í ṣe èyí tí ẹ sá lọ́jọ́ tí ara yá gágá tí ìlú sì tutù.

Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ń ba eré ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ìlù ń dún, èrò ń hó, ara ṣì fúyẹ́, gbogbo ènìyàn ń kọjá lára yín. Ẹni tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú 8 á bẹ̀rẹ̀ sí í lo 7. Ó rò pé òun ti jèrè ìṣẹ́jú 10 nígbà tó bá sá kìlómítà mẹ́wàá. Nígbà tó bá dé nǹkan bíi kìlómítà 30, ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ tọ́jú á ti tán, á wá máa rin kìlómítà 12 tó kù ní ìṣẹ́jú 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ń pàdánù ní kìlómítà kan, ìṣẹ́jú 48 lápapọ̀. Ó fi 48 ra 10.

Ohun tó dára jù fún irú wa ni kí a máa sáré kí a sì máa rìn, láti ìbẹ̀rẹ̀. Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sá eré mítà 10,000 ní Òlíḿpíìkì Munich lọ́dún 1972, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ káàkiri. Ẹ sá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ rin ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ń sá ní ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ fún kìlómítà, tí ẹ sì ń rìn kánmọ́kánmọ́ ní ìṣẹ́jú 11, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 gééré. Bí ẹ bá sá méjì tí ẹ rin kan, ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 àti àáyá 23, ẹ ó sì ṣì parí kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Ìrìn kò ná yín ní púpọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kìlómítà kìíní gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nígbà tí ojú ń tì yín láti rìn. Ìrìn àárọ̀ yìí ló ń dáàbò bo iṣan itan kí ó tó fàya. Èyí tí ẹ bá rìn nígbà tó rẹ̀ yín tán kì í ṣe ètò mọ́, àárẹ̀ lásán ni. Kí ẹ tó rìn, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ omi wá kàn, èmi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Gbogbo ènìyàn ló máa ń pariwo pé “ẹ mu omi, ẹ mu omi sí i.” Ìyẹn lè pa ẹni tó ń sáré jẹ́jẹ́. Níbi eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, àwọn oníṣègùn gba ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 nígbà tí wọ́n parí eré. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí ara wọn wúwo sí i lójú eré, àti àwọn tó lò ju wákàtí mẹ́rin lọ, ló wà nínú ewu yìí jù. Ẹni tó yára kò ráyè mu omi púpọ̀. Àwa ń kọjá lára tábìlì omi kan dé òmíràn, a sì ráyè. Ìdajì lítà ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ẹni tó bá mu odindi kan ní ibi mẹ́wàá ti mu lítà márùn-ún. Omi yẹn á mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wú. Omi aládùn tí wọ́n ń tà fún àwọn eléré ìdárayá kò gba ènìyàn bí ó bá pọ̀ jù, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wọn òógùn yín ṣáájú. Ẹ gun ìwọ̀n láìwọṣọ, ẹ sá wákàtí kan, ẹ nu òógùn kúrò, ẹ tún un gùn. Kílò kan tó dín jẹ́ lítà òógùn kan. Bí kílò 0.8 bá dín, tí ẹ sì mu ọ̀rá kan lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé lítà 1.3 ni ẹ ń làágùn ní wákàtí kan. Iye yẹn ni òkè àjà yín. Ẹ má mu tó o. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mu. Bí kò bá gbẹ yín, ẹ fi ẹnu méjì tutù ọ̀nà ọ̀fun, ẹ sì da ìyókù sí orí àti ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ má da á sí ẹsẹ̀ o. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá rin gbindin máa ń rọ àtẹ́lẹsẹ̀, kó tó pẹ́ ẹsẹ̀ á lé ròrò. Ẹ sì máa wo ilẹ̀ níbi tábìlì omi, torí ọ̀rá tó tutù lórí ọ̀dà ń yọ̀ bí ilá.

Bí òrùka tàbí aago ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín, tí èébì ń gbé yín, tí orí ń fọ́, tí ikùn ń rò gbọlọgbọlọ, ẹ má mu omi mọ́. Ẹ wá àwọn oníṣègùn. Àmì wọ̀nyí jọ ti ẹni tí omi tán lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ewu wà: àwọn olójú àánú á tún máa rọ omi sí i lẹ́nu. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac láàárọ̀ eré. Ó ń ni kíndìnrín lára nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó, kì í sì í jẹ́ kí ara lè tọ omi tó pọ̀ jù dànù.

Oúnjẹ kò nira tó bẹ́ẹ̀. Ara nílò gíráàmù 30 sí 60 ṣúgà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́, kì í ṣe ìgbà tí ebi bá dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ ń fún yín ní nǹkan bíi 25. Dàbínù mẹ́rin tàbí márùn-ún sún mọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti kó sínú ọ̀rá kékeré. Ẹ yọ kóró rẹ̀ nílé. Ohunkóhun tí ẹ kò bá tíì jẹ lójú eré gígùn rí, ẹ má dán an wò lọ́jọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìrẹsì tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ata àti òróró díẹ̀ ti tó. Ẹ̀wà kò dáa lálẹ́ yẹn, ẹ̀fọ́ púpọ̀ náà kò dáa: wọ́n á máa dààmú ikùn yín nígbà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan kò sí nítòsí.

Ní wákàtí mẹ́fà, ẹsẹ̀ ń kan ilẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 lọ. Ohun tí kò jọ nǹkan kan ní kìlómítà márùn-ún á di egbò ní 35. Òrí tàbí Vaseline ni kí ẹ fi pa àárín itan, abíyá, ibi tí okùn kọ́ńsẹ́tì wà, àti orí ọmú fún ọkùnrin. Ẹ kó díẹ̀ dání, ẹ tún un pa ní ìdajì ọ̀nà. Aṣọ kọ́tìnì tí wọ́n pín fún yín lẹ́wà fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń mu òógùn pamọ́, ó ń wúwo, ó sì ń ha ara bí ewé ìpín. Bàtà gbọ́dọ̀ fi àyè ìka ọwọ́ kan sílẹ̀ níwájú, nítorí ẹsẹ̀ á wú. Ẹ ti sá kìlómítà 80 ó kéré tán nínú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Èékánná ẹsẹ̀, ẹ gé e ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kì í ṣe àṣálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ lè yí díẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ wo àwòrán ti ọdún yín. Ṣùgbọ́n láti 2016 tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, National Stadium ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba Ìkòròdú Road, wọ́n á gba Gbàgádà bọ́ sórí Third Mainland Bridge, wọ́n á wọ Ìkòyí, kí wọ́n tó gba Link Bridge lọ sí Lẹ́kkí. Afárá Third Mainland ni ibi tí ẹ ti máa mọ ẹni tó múra sílẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Bí ẹ kò tilẹ̀ sá gbogbo rẹ̀, ẹ ó lò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀, igi kan kò sí, òjìji kan kò sí. Bí ẹ ṣe kọjú sí erékùṣù, Unilag àti Mákòkó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà gbalasa lọ́wọ́ òsì, ibẹ̀ sì ni oòrùn àárọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló máa jóná. Fìlà olétí iwájú àti òróró ìdáàbòbò oòrùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Níbi tí afárá ti so pọ̀, irin àti rọ́bà wà láàárín ọ̀dà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fò ó, ẹ má fi gbọngbọn rìn.

Nítorí oòrùn yìí, ẹni tó bá ń sáré aago márùn-ún ìdájí nìkan jálẹ̀ oṣù kejìlá àti ìkíní, nígbà ọyẹ́, kò tíì mọ ohun tí ń bọ̀. Ara ń gba nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 láti kọ́ bí a ti ń fara da ooru. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ gbé eré kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ sí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 40 sí 60, ẹ má sáré tete. Ní ti eré gígùn, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni kí ẹ fi òpin sí. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ba ara jẹ́ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ tètè dé, nítorí títì á ti dí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí yín sẹ́yìn nọ́ńbà àyà, ẹ má sì ká a bí ẹ̀rọ aago bá wà lára rẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn pátápátá: ẹ̀rọ náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò yín àfi tí ẹ bá kọjá ìlà. Ẹ ka òfin eré kí ẹ mọ wákàtí tí wọ́n máa ṣí títì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ á padà, ẹ̀gbẹ́ títì sì di tiyín, pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ kántankàntan, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, ooru ti wọ ọ́ lórí. Omi tútù àti áìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dà lé e lórí, lọ́rùn, ní abíyá, kódà kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Ìṣẹ́jú ló ń ka nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìlà ìparí, ẹ má jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ kò ní tètè gòkè, òòyì á kọ́ yín. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ jẹ nǹkan oníyọ̀, ẹ mu omi bí òùngbẹ ṣe bèèrè. Kò sí eré fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ ti tó. Èékánná tó bá dúdú, ẹ má fà á tu. Titun á ti í jáde fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.