Kí ẹ tó fi fóònù ròyìn ẹni tó ń sùn síta ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìjọ wa máa ń pín oúnjẹ gbígbóná fún àwọn tó ń sùn síta ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo sì wà lára àwọn tó ń bu ìrẹsì. Iṣẹ́ ìrẹsì bíbù ni mo gbà o, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè tí wọ́n bá rí ẹni tó na ara sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Peckham tàbí lẹ́bàá ibùdókọ̀ ní Lewisham. "Àǹtí, mo rí ẹnìkan níbí o, kí ni kí n ṣe?" Púpọ̀ nínú wọn á ti ya fọ́tò kí wọ́n tó pè. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ojú ẹni ẹlẹ́ni á hàn kedere, wọn ò sì ní sọ orúkọ àdúgbò. Ó ti wá rẹ̀ mí láti máa ṣe àlàyé kan náà lóru. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí n lè máa fi ránṣẹ́.

Ní ilẹ̀ England, StreetLink, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ròyìn ẹni tó ń sùn síta, ni ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí. Ọdún 2012 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ sì lè ṣí i lórí fóònù yín. Ẹ ó tọ́ka sí ibi tí ẹ ti rí ẹni náà lórí máàpù, ẹ ó ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìn kiri lóru ní àdúgbò yẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní outreach. Ẹni tó ń sùn síta náà lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé òṣìṣẹ́ yẹn kò rí ohun tí ẹ rí. Kìkì ohun tí ẹ kọ ló ní lọ́wọ́, òun náà lá fi máa wá ènìyàn kiri nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ̀yin ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wá wo irú ohun tí wọ́n máa ń kọ: "Ọkùnrin dúdú kan, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, Old Kent Road." Old Kent Road gùn ju máìlì kan lọ, ta ni kò sì wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú òtútù yìí? Bí èmi ṣe máa ń kọ ọ́ rèé: "Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìtajà, lápá ọ̀tún tí ẹ bá dojú kọ ọ́, lẹ́bàá àwọn àpótí ìdọ̀tí. Ọkùnrin, á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, fìlà òwú pupa, báàgì Ghana-Must-Go. Ó ní aago mọ́kànlá alẹ́ lòun ń dé ibẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ òun á ti kúrò." Ọ̀rọ̀ àkókò yẹn ló wúlò jù, òun gan-an sì ni àwọn ènìyàn kì í kọ. Wọ́n á rí ọkùnrin kan tó ń tọrọ owó lẹ́nu ilé ìfowópamọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ibẹ̀ ni wọ́n á tọ́ka sí. Òṣìṣẹ́ á dé ibẹ̀ lóru, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ènìyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ń sùn, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí ẹ bi í.

Ẹ tún gbọdọ̀ bi í bóyá ó fẹ́. Tí ara rẹ̀ kò bá yá tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lẹ ó pè lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé ní kánsù lọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lajú sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kí i, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá kan wà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Camberwell. Bó ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ńṣe ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ má fi mí sórí fóònù o. Ilé ò gbọdọ̀ gbọ́." Ó rò pé Facebook ni mo fẹ́ gbé òun lọ. Mo fi ojú fóònù hàn án, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ sí i létí, ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí. Mo yọ ọ́. Kò dìgbà tí ẹ bá kọ orúkọ kí wọ́n tó lè rí i. Fọ́tò ní tiẹ̀, ẹ má yà á rárá. Mi ò rí ohun tí fọ́tò ẹni tó ń sùn ń ṣe nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ ju pé kí wọ́n kọ "Olúwa ṣàánú" sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí mi ò lè pè ní àsọdùn. Ẹni tí kò ní pépà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, gbà pé tí orúkọ òun bá ti dé orí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ló ń bọ̀ yẹn. Kò ṣàdédé rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí Home Office ń lé àwọn ará Yúróòpù kúrò nílùú nítorí pé wọ́n ń sùn síta, oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé ìlànà náà kò bófin mu. Nítorí náà, tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá wà nínú ẹ̀, èmi kì í ṣèlérí pé kò sí nǹkan kan. Mo máa ń wá agbẹjọ́rò tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ fún un ná. Ẹ má jẹ́ kí "bọ̀ọ̀dá kan tó mọ̀ nípa pépà" gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìjọba kò fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú nílùú yìí, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀, bí bọ̀ọ̀dá náà tilẹ̀ jẹ́ díákónì.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sùn nínú bọ́ọ̀sì ló le jù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bọ́ọ̀sì 25 tó ń ti Ilford wọ àárín ìlú ti gbajúmọ̀ láàárín àwọn tí kò nílé, N29 tó ń lọ sí Enfield náà sì ńkọ́. Wọ́n á wọ ọ́ dé ìparí, wọ́n á bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á tún wọ òmíràn padà. Nínú ẹ̀ móoru, iná wà, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba báàgì lórí wọn. Àwọn obìnrin pàápàá fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ tọ́ka sí bọ́ọ̀sì tó ń rìn lórí máàpù? Ohun tó tún dìídì bí mi nínú ni pé ní Lọ́ńdọ̀nù, orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní CHAIN ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ àwọn tí wọ́n bá lójú oorun níta sí, ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ ló sì dúró lé àkọsílẹ̀ yẹn. Obìnrin tó fi gbogbo òru jókòó sínú bọ́ọ̀sì tàbí tó ń rìn kiri títí ilẹ̀ fi mọ́, ta ló bá a lójú oorun? Láti ọdún 2022 ni àwọn àjọ kan ti ń ṣe ìkànìyàn tiwọn fún àwọn obìnrin tó ń sùn síta ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ìkànìyàn tó wà tẹ́lẹ̀ kì í rí wọn.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó bá ẹni náà wá ibì kan tó dúró sójú kan, tó máa ń dé lóòótọ́: ibùdó ìparí bọ́ọ̀sì ní ìdájí, tàbí ilé ìkàwé nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Ibẹ̀ la ó tọ́ka sí. A ó wá kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, apá ibi tó ń lọ, àti àkókò tó ń wọ̀ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Tó bá gbà, a ó kọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ náà sí i, kí wọ́n lè pè é kí wọ́n sì dá ibi ìpàdé. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn ní láti wà láàyè o.

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹni tó ń gbé inú ilé kì í ronú pé ṣáàjì lè tán kó sì di wàhálà. Síta, ṣáàjì á tán, síìmù á sọnù, wọ́n á jí fóònù lórí ẹni tó sùn, nọ́ńbà á yí padà. Kánsù á pè lórí nọ́ńbà àtijọ́, wọn ò ní rí i, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni náà kò dáhùn. Owó ìrànwọ́ Universal Credit, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà: ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìpè ránṣẹ́ sí, tí ẹni náà kò bá sì rí i, wọ́n lè gé owó. Láti ìparí ọdún 2024 tí káàdì ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìwé ìgbélùú pàápàá ti di ti orí fóònù. Tí kánsù tàbí onílé bá ní kó fi ẹ̀rí hàn, ó ní láti wọ àkáǹtì rẹ̀, kóòdù kan á wá sórí fóònù tàbí ímeèlì kó tó lè wọlé. Ẹni tó ní pépà gidi, tí síìmù rẹ̀ ti sọnù, tí kò sì rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì rẹ̀, ó ti di aláìnípépà lójú akọ̀wé nìyẹn. Mo ti rí i.

Nítorí náà, kí n tó sọ ohunkóhun nípa ilé, fóònù ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní National Databank, ọdún 2021 ni Good Things Foundation àti Virgin Media O2 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń rí síìmù ọ̀fẹ́ tó ní dátà nínú fún ẹni tí kò lówó. Ẹ béèrè ní ilé ìkàwé àdúgbò yín tàbí ilé ìtajà O2. Ilé ìkàwé kan náà lè ní ibi tí a ti ń ṣáàjì. Tó bá ṣeé ṣe, kí ẹni náà má pa nọ́ńbà àtijọ́ tì, kó bẹ ilé iṣẹ́ síìmù kí wọ́n dá a padà fún un lórí síìmù tuntun, nítorí nọ́ńbà yẹn ni gbogbo àkáǹtì rẹ̀ mọ̀. Kó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì rẹ̀ sórí pépà, kó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán. Kó sì máa gbé ìpè tí nọ́ńbà rẹ̀ kò hàn. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í gbé irú ẹ̀ nítorí àwọn oníjìbìtì, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ kánsù ṣe ń pè nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí n jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tèmi sí àkáǹtì ẹni náà kó lè rọrùn. Mi ò gbà. Tí mo bá ṣe é, ọ̀dọ̀ mi ni kóòdù owó rẹ̀ àti ti ìwé rẹ̀ á máa wá, kò ní lè ṣe ohunkóhun láìtọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí àwa méjèèjì máa jà.

Ẹni tó ń sùn sí pálọ̀ ará ilé ńkọ́? Àwọn yẹn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí, StreetLink kọ́ ló sì ni wọ́n, nítorí wọn ò tíì sùn síta. Kánsù lẹ ó kọ̀wé sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018 tí òfin Homelessness Reduction Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò dìgbà tí wọ́n bá kó ẹrù ènìyàn síta. Tí ẹni náà bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́, tó sì ku ọjọ́ 56 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ kó di aláìnílé, kánsù gbọ́dọ̀ bá a gbìyànjú kó má pàdánù ibùgbé. Ẹ ní kí onílé kọ lẹ́tà tó sọ ọjọ́ tí ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, kí déètì lè hàn, kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù yín lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù nìkan kò tó, torí ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lónìí lè máà sí níbẹ̀ lọ́la. Ìyá tó ní ọmọ kékeré, tí wọ́n kọ "no recourse" sínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, kó má lọ sílé nígbà tí wọ́n bá sọ pé kò sí ìrànwọ́. Kó béèrè ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé, kó dárúkọ Section 17 nínú òfin Children Act ọdún 1989 fún wọn, apá tó sọ̀rọ̀ nípa ìrànwọ́ fún ọmọ tó wà nínú àìní.

Ìgbà òtútù nìkan ni nǹkan máa ń rọrùn díẹ̀. Tí wọ́n bá ti sọ pé òtútù á dé òdo lóru ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á ṣí àyè pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní SWEP, wọn kì í sì sábà fi ọ̀rọ̀ pépà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ tètè fi ránṣẹ́ lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà Shelter, àjọ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé, ni 0808 800 4444. Ọ̀fẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ sí káàdì lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà kí ẹ sì fi lé ẹni náà lọ́wọ́, kó fi sínú bàtà tàbí ibi tó bá wù ú. Tí ó bá sọ pé òun ti ní in nínú fóònù, ẹ ṣì kọ ọ́.